Ọwọ́ mi dára lórí bébà, kò dára lórí tábúlẹ́ẹ̀tì oníkálàmù: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Àwọn ọmọ mi ra tábúlẹ́ẹ̀tì kan fún mi, irú èyí tó ní kálàmù, Windows ló sì ń lò. Wọ́n ní yóò dín ẹrù bébà kù lọ́rùn mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a jìjàkadì. Lórí bébà, ọwọ́ mi dára gan-an. Lórí nǹkan yìí, ó dà bí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé e, ìlà tí mi ò fà á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá ní kó sọ ohun tí mo kọ di lẹ́tà àtẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mi ò kọ ló máa ń gbé jáde. Mo tilẹ̀ yá kálàmù ẹlòmíràn, kò ṣiṣẹ́ rárá. Níbo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n sì ra ike tí wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ dà bí bébà?

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e pamọ́. Nínú gbogbo àwọn tí irú ẹ̀rọ yìí lè wúlò fún, olùkọ́ ìṣirò wà lára àwọn tó wà níwájú, nítorí pé kíbọ́ọ̀dù ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìdá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya igun, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọfà hàn pé nǹkan ti ẹ̀gbẹ́ kan kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kálàmù mọ gbogbo rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ló ní ìdí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì lè tún ṣe lónìí láìná kọ́bọ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe ṣáájú ohunkóhun: ẹ jáwọ́ nínú sísọ ohun tí ẹ bá kọ di àtẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ máa jẹ́ ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pa irú ẹ̀rọ yìí tì, ibi yìí ni wọ́n ti kọsẹ̀. Wọ́n gbà pé kíbọ́ọ̀dù mìíràn ni kálàmù jẹ́, wọ́n kọ gbólóhùn kan, ẹ̀rọ sọ ọ́ di ìsọkúsọ, wọ́n tún un kọ, inú bí wọn, wọ́n pa á dé. Ìwé títẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kálàmù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ronú sójú ewé, kí ẹ ya àwòrán, kí ẹ fi àmì sí iṣẹ́ ẹlòmíràn, kí ẹ fi ìlà so nǹkan méjì pọ̀. Bí ẹ bá ní lẹ́tà láti kọ sí ọ̀gá iléèwé, ẹ fa kíbọ́ọ̀dù sún mọ́ra kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ń lépa ọ̀rọ̀ àtẹ̀ yìí. Ní 1993, Apple gbé ẹ̀rọ ọwọ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Newton MessagePad. Kí èèyàn fi kálàmù kọ̀wé sójú rẹ̀ kí ẹ̀rọ náà sì kà á ni wọ́n fi polówó rẹ̀. Àṣìkà pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ó di ohun táwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ní 1996, ẹ̀rọ Palm Pilot gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó kọ́ irú lẹ́tà kan tí wọ́n pè ní Graffiti, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láìgbé kálàmù sókè. Ìyẹn ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ èèyàn ló tẹ̀ síbi tí ẹ̀rọ fẹ́. Nígbà tí Microsoft wá gbé Windows ti tábúlẹ́ẹ̀tì jáde ní 2002, èrò mìíràn wà nídìí rẹ̀, òun ni mo sì rò pé ó tọ̀nà jù: kí ohun tí èèyàn kọ dúró gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́, kí ẹ̀rọ sì máa kà á lábẹ́lẹ̀, kó lè bá a wá ọ̀rọ̀ kan jáde nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀. Orí èrò yìí ni tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ yín dúró lé títí dòní.

Ẹ wo ìdí tó fi ń ṣi ọ̀rọ̀ yín kà. Ẹ̀rọ kì í wo ohun tí ẹ kọ bí ẹni ń wo fọ́tò. Bí ẹ ṣe ń fa ìlà ló ń tẹ̀ lé: ibi tí kálàmù ti balẹ̀, ibi tó yà sí, ìgbà tó gbéra, ìlà wo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀ lé e. Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ bíi “ọ̀rọ̀” fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í kọ ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ó kọ o, a ó kọ r, a ó kọ o, lẹ́yìn náà la ó padà sẹ́yìn láti fi àmì méjì sábẹ́, ká tún fi àmì ohùn méjì sórí. Lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà mẹ́ta ti parí, ìlà kéékèèké mẹ́rin wá ń já bọ́ lé e lórí lẹ́yìn ìgbà náà. Bí kò bá sí Yorùbá nínú àwọn èdè tí wọ́n kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ inú èdè tó gbọ́ tó bá jọ ọ́ jù ni yóò mú. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọwọ́ yín burú. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ́ di àtẹ̀, kò sí àmì ohùn tí yóò sọnù, ẹ ò sì ní máa wá àmì kiri orí kíbọ́ọ̀dù.

Ibì kan wà tí mo yọ̀ǹda ìsọdàtẹ̀ fún yín, ìṣirò ni. Nínú Word àti PowerPoint, ẹ wo abẹ́ Insert, níbi tí Equation wà. Ẹ óò rí Ink Equation níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kọ ìdá, gbòǹgbò, tàbí nọ́ńbà kékeré tó jókòó lórí x, yóò tò wọ́n sípò bí wọ́n ṣe ń tò ó nínú ìwé ìṣirò. OneNote, áàpù ìwé àkọsílẹ̀ ti Microsoft, náà ní tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ tóbi, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín nọ́ńbà àti ìlà ìdá, kí ẹ sì wo ohun tó kà lókè ṣáájú kí ẹ tó gbà á. Ó máa ń gba x fún àmì ìlọ́po, ó sì máa ń gba 1 fún ìlà lásán. Bí ẹ bá fẹ́ kó dá x mọ̀, ẹ fi ìrù sí i lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé ìṣirò. Fún ìbéèrè ìdánwò tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde, ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀.

Ó wá kan ọwọ́ yín fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì yín ní ọ̀nà méjì tó fi ń gbọ́ràn. Ọ̀kan ń gbọ́ ìka, ìkejì ń gbọ́ kálàmù. Kálàmù kò tíì ní kan gíláàsì kí ẹ̀rọ tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bó bá kù bíi sẹ̀ǹtímítà kan kó balẹ̀, ẹ ó ti rí ààmì kékeré tó ń rìn tẹ̀ lé ṣóńṣó rẹ̀. Gbàrà tí ẹ̀rọ bá ti gbọ́ kálàmù, ṣe ló yẹ kó di etí sí ìka, kó má kà á sí bí àtẹ́lẹwọ́ yín bá fara ti gíláàsì. Ibi tí ìṣòro wà rèé: nígbà tí a bá ń kọ̀wé sórí bébà, àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ balẹ̀, bírò á tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á rí ẹran ara tó fẹ̀ kan tó kọ́kọ́ dé, kò tíì gbọ́ kálàmù, á sì kà á sí ìka tó fẹ́ fa ìlà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kálàmù ṣáájú. Ẹ gbé ṣóńṣó rẹ̀ sún mọ́ ibi tí ẹ fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí, ẹ rí ààmì kékeré yẹn, lẹ́yìn náà kí ẹ tó jẹ́ kí ọwọ́ sinmi. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara yóò ti mọ̀ ọ́n. Ohun kejì ni pé kí ẹ pa fífi ìka fa ìlà nínú áàpù tí ẹ ń lò. Nínú OneNote, abẹ́ Draw ló wà, wọ́n pè é ní Draw with Touch. Ẹ rí i pé kò sí ní títàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìka yóò kàn máa yí ojú ewé ni, kálàmù nìkan ni yóò máa kọ̀wé. Ẹ̀kẹta, ẹ lọ sínú Settings, ẹ wá Pen & Windows Ink, kí ẹ sọ fún un bóyá ọ̀tún ni ẹ fi ń kọ̀wé tàbí òsì. Ẹni tó ń lo òsì tí kò sọ fún un, abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni àwọn àkójọ àṣàyàn á máa ṣí sí, kò sì ní rí wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ohun tó kàn yìí, torí mo gbà pé òun ló sọ ọwọ́ yín di ọwọ́ ọmọdé. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ti fa ìlà kiri lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, á sì gbé ọwọ́ dúró lófuurufú kó má bàa kan gíláàsì. Kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lórí bébà: ẹ gbé ọrùn-ọwọ́ kúrò lórí tábìlì kí ẹ wá kọ orúkọ yín. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ ọmọdé ló jáde, lórí bébà náà. Gíláàsì kọ́ ló bà á jẹ́, àìsinmi ọwọ́ ni. Bí ẹ bá ti pa fífi ìka fa ìlà, ẹ fi gbogbo ọwọ́ lé e, kí ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ náà lé orí tábìlì. Kò ní ṣe nǹkan kan.

Bí ẹ̀rọ ṣe dúró náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dúró gbagidi bíi kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá nawọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé sára ògiri tọ́wọ́ rẹ̀ kì í ro ó. Ẹ yọ kíbọ́ọ̀dù kúrò tàbí kí ẹ ká a sẹ́yìn, ẹ tẹ́ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ tàbí kí ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ sì yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ ṣe máa ń yí ìwé ajákọ. Bí àyíká rẹ̀ bá ga ju tábìlì lọ, tí ọrùn-ọwọ́ yín ń já bọ́ létí rẹ̀ bí ẹ bá ń kọ̀wé ní ìsàlẹ̀ ewé, ẹ má kọ̀wé síbẹ̀. Ẹ fi ìka méjì fa ewé náà sókè kí ibi tí ẹ ń kọ lè máa wà láàárín.

Ẹ kọ ọ́ tóbi ju bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ sórí bébà. Gíláàsì ń yọ̀, bébà kì í yọ̀; lẹ́tà kéékèèké ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀ jù, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn kúrú, ọwọ́ kì í ráyè dúró. Ẹ fi ìka méjì fẹ ojú ewé kó tóbi, kí ẹ kọ ọ́ lọ́nà tó tẹ́ yín lọ́rùn, lẹ́yìn náà kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà. Ẹ ó rí ọwọ́ tó dára jáde. Ẹ yan ìlà tó nípọn díẹ̀, bíi mìlímítà 0.5, nítorí ìlà tó tín-ínrín ń fi gbogbo ìgbọ̀n ọwọ́ hàn. Ẹ sì fi ìlà tàbí àpótí kéékèèké sójú ewé. Nínú OneNote, abẹ́ View ni Rule Lines wà. Àpótí ló dára jù fún ìṣirò: nọ́ńbà kan nínú àpótí kan, ìṣirò á dúró lórí ìlà, àròpọ̀ onípele mẹ́rin ò sì ní wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bírò ló nílò kéèyàn tẹ̀ ẹ́ kí íńkì tó jáde. Kálàmù yìí kò ní íńkì, bó bá ti kan gíláàsì, ó ti kọ̀wé. Ẹ ó rí i níbi tí wọ́n ti ń polówó pé kálàmù kan mọ ìwọ̀n ìtẹ̀ 1,024, òmíràn 4,096, òmíràn 8,192. Ìyẹn kan ẹni tó ń kun àwòrán, tó fẹ́ kí ìlà nípọn bó bá tẹ̀ ẹ́, kó sì tín-ínrín bó bá rọra ṣe. Kálàmù Surface Pro 3, tábúlẹ́ẹ̀tì Microsoft tó jáde ní 2014, kò mọ̀ ju 256 lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi kọ̀wé títí. Ẹ má torí nọ́ńbà yẹn ra kálàmù tuntun.

Kálàmù tí ẹ yá, tí kò ṣiṣẹ́, kò bàjẹ́. Àwọn kálàmù yìí kì í gbọ́ èdè ara wọn. Ilé-iṣẹ́ Wacom ti Japan ló mú irú kan gbajúmọ̀, èyí tí kì í lo bátìrì rárá: pátákó kan wà lẹ́yìn ojú ẹ̀rọ tó ń rán agbára òòfà díẹ̀ jáde, wáyà tí wọ́n wé sínú kálàmù á gbà á, á sì dá a padà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mọ ibi tí kálàmù wà. Irú èyí ni Samsung ń lò fún kálàmù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní S Pen, láti ìgbà fóònù Galaxy Note ti 2011. Irú kejì ní bátìrì nínú, kálàmù fúnra rẹ̀ ló ń rán iná díẹ̀ sí gíláàsì. Ti Apple wà lára wọn, ti Surface náà láti Surface Pro 3, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Windows. Nínú irú kejì yìí gan-an, ìlànà wọn yàtọ̀ síra: Apple Pencil kò ní kọ nǹkan kan sórí Windows, kálàmù Surface kò ní kọ nǹkan kan sórí iPad. Kódà, Surface Pro méjì àkọ́kọ́ tó jáde ní 2013, kálàmù Wacom ni wọ́n lò. Ẹni tó gbé kálàmù wọn wá sórí Surface Pro 3, òfo ló bá. Irú kẹta ni èyí tó ní rọ́bà lẹ́nu. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo rẹ̀, nítorí pé lójú ẹ̀rọ, ìka lásán ni. Kò mọ ìtẹ̀, kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹnu rẹ̀ sì tóbi jù fún ìwé kíkọ. Ẹ má nawó sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èkejì, ẹ yí tábúlẹ́ẹ̀tì yín padà, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà irú rẹ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn, kí ẹ wá wo ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé ó ń gbà. Kí ẹni tó ń tà á sọ pé “ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows” kò tó.

Ọ̀rọ̀ bátìrì náà nìyí, níwọ̀n ìgbà tí a ti dé ibẹ̀: ọ̀pọ̀ kálàmù Windows ń lo bátìrì kan tó tín-ínrín tí wọ́n ń pè ní AAAA. Mẹ́rin ni A rẹ̀, kì í ṣe mẹ́ta. Ti rìmóòtù kò ní wọ̀ ọ́. Bí kálàmù bá dédé dákẹ́, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú Bluetooth. Bọ́tìnnì tó wà lórí kálàmù ló nílò rẹ̀, ṣóńṣó kò nílò rẹ̀ láti kọ̀wé.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ tún kíyè sí i pé ìlà kì í jáde gẹ́lẹ́ níbi tí ṣóńṣó wà, ó máa ń yẹ̀ díẹ̀. Lára ìdí rẹ̀ ni pé àyè wà láàárín gíláàsì tí ẹ ń fọwọ́ kàn àti àwòrán tí ẹ ń wò nísàlẹ̀ rẹ̀, pàápàá lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Bí ẹ bá jókòó sápá kan, ojú á tàn yín jẹ. Ẹ kọ́kọ́ jókòó bí ẹ ṣe fẹ́ máa jókòó kọ̀wé. Bó bá ṣì ń yẹ̀ púpọ̀, ẹ lọ sínú Control Panel, ẹ wá Tablet PC Settings, kí ẹ tẹ Calibrate, kí ẹ sì yan ti kálàmù. Yóò gbé àmì àgbélébùú kéékèèké jáde. Ẹ máa fi ṣóńṣó kan àárín wọn láìyí orí padà. Bó bá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bọ́tìnnì Reset wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò padà sí bó ṣe wà. Bí ìlà bá sì ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tí ẹ bá fi ṣájà sí i nìkan, ẹ yọ ọ́ wò. Àwọn ṣájà kan máa ń da ojú ẹ̀rọ láàmú, wọn á sì jẹ́ kí ìlà máa ta kiri.

Ibi tí kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ẹ béèrè. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lò ó fún iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò ní sí ẹlòmíràn tó máa rí i. Mo dábàá ìwé ìmúrasílẹ̀ iṣẹ́ yín. Ẹ yanjú ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lọ́la sínú OneNote, ní ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí bébà kò lè ṣe. Bí ẹ bá gbàgbé ìgbésẹ̀ kan láàárín, ẹ ò ní fi ọfà fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ó fi kálàmù ká ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́, ẹ ó sì sún un lọ, àyè á ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá ya onígun mẹ́ta kan tó dára, ẹ ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́rin láìtún un yà. Nígbà tí ẹ bá kúrò nínú ìwé kíkọ lásán, tí ẹ dé ibi kíká mọ́, sísún àti ṣíṣe ẹ̀dà yìí, ẹ ó rí i pé ẹ ò kánjú padà sí bébà mọ́. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí olùkọ́ tó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí yín gẹ́gẹ́ bíi PDF, ẹ lè ṣí i nínú Microsoft Edge kí ẹ yan Draw, kí ẹ sì fi àwọ̀ pupa fa igi àti àgbélébùú sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ áàpù ọ̀fẹ́ tó ju ìyẹn lọ, Xournal++ wà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹ lè kọ ìdí tí ọmọ fi kùnà gan-an sí ibi tó ti kùnà, kí ẹ fi ọfà tọ́ka sí àmì ìyọkúrò tó gbàgbé. Àlàyé tí ẹ bá tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ewé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ wọn láti òkèèrè, ẹ pín ojú ẹ̀rọ yín pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa wò bí ìṣirò ṣe ń jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá rí olùkọ́ rẹ̀ tó dúró, tó ronú, tó wá fa ìlà, ń rí bí ìrònú ṣe ń rìn.

Ẹ má gbàgbé pé ìwé orí ẹ̀rọ lè pòórá. Lópin oṣù, ẹ kó àwọn ewé tó ṣe pàtàkì jáde gẹ́gẹ́ bíi PDF, kí ẹ tọ́jú wọn síbòmíràn. Bí ẹ bá fi wọ́n sínú áàpù nìkan, ọjọ́ tí áàpù bá yí padà tàbí tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ó wá a tì. PDF ni gbogbo ẹ̀rọ lè ṣí.

Ní ti ike onírírí bébà tí ẹ béèrè: ẹ ṣe sùúrù fún un ná. Ó ní àǹfààní. Ó ń di kálàmù mú kó má yọ̀, kì í sì í jẹ́ kí iná òkè tàn padà sójú yín. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí àwòrán ojú ẹ̀rọ rí bí ẹni pé eruku díẹ̀ wà lórí rẹ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ kó wọ̀ dáadáa láìsí afẹ́fẹ́ lábẹ́, ẹ fún ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó máa ń jẹ ẹnu kálàmù. Kí ẹ kọ́kọ́ lo gíláàsì lásán fún oṣù kan, pẹ̀lú ọwọ́ tó sinmi dáadáa, kí ẹ tó mọ̀ bóyá yíyọ̀ ṣì ń yọ yín lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá wá rà á, ẹ ra ẹnu kálàmù àfirọ́pò pa pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ máa wo èyí tó wà lẹ́nu kálàmù lóṣooṣù: bó bá ti tẹ́ sápá kan, tàbí tó ti mú bí abẹ́rẹ́, tàbí tí ẹ bá gbọ́ tó ń họ gíláàsì, ẹ fi èèkánná tàbí ohun ìfàyọ kékeré tí wọ́n fi sínú páálí rẹ̀ fà á jáde tààrà, kí ẹ ti tuntun wọlé títí yóò fi dúró pa.